Ẹran Tútù Nínú Abọ́ Tanímọ̀la

Alápatà náà kò kọ́kọ́ gbà pé ajá ni wọ́n fẹ́ ra ẹran fún. Ó gbé ọ̀bẹ dúró lórí itan màlúù tó so kọ́, ó wo Màmá Nọ́ọ̀sì látòkè délẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹran tó dáa báyìí? Ẹ jẹ́ n kó eegun fún yín, n ò ní gbowó ẹ̀." Màmá mirí. "Eegun màlúù á ká a léyín. Ọmọ ajá ni, kò tíì tó ọmọ ológbò. Ẹran tí o máa gé fún ọmọ tìẹ gan-an ni kí o gé fún mi." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gé e bí wọ́n ṣe sọ.

Ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn la wà, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ọmọ ajá kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la ló gbé wa jáde. Lhasa ni, irú ajá kékeré tí irun rẹ̀ máa ń bò ó lójú. Ilẹ̀ Tibet ni ìran wọn ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò ńlá kan n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó báyìí tí èèyàn ò ti ní pàdé wọn. Bí ó bá dàgbà tán, ó ṣòro kó ju kílò 8 lọ. Ọmọ Màmá ló rà á fún un kí ilé má baà dá páropáro lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ yìí kan náà, tó ń gbé ní Manchester, ló tún gbé ọ̀rọ̀ ẹran tútù dé. Ẹran tútù ni ajá tiẹ̀ ń jẹ lọ́hùn-ún: wọ́n ti lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ eegun àti ẹ̀dọ̀, wọ́n ti dì í sínú ike, inú fíríìsà ilé ìtajà ló ti ń mú un. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Màmá wò ó, ó ní Tanímọ̀la náà á jẹ ẹ́. Ẹni tó ń ta irú ike bẹ́ẹ̀ ládùúgbò rẹ̀ ni kò rí, ló bá di pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Èmi náà ní kí n bá a lọ láti ọjà títí dé ìdí abọ́, torí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé kéèyàn ṣáà ju ẹran sílẹ̀, ajá á jẹ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Bó ṣe ń rajà ni mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ tí àwọn tó ń yẹ ẹran wò máa ń lù sára ẹran ló kọ́kọ́ wá. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí àwọn tó ń pa màlúù ní Bódìjà kó lọ sí ilé ìpẹran ńlá tó wà ní Amósùn, lágbègbè Akínyẹlé, ọkọ̀ ló ń gbé ẹran wọ ọjà. Bí èèyàn bá pẹ́ dé, oòrùn àti eṣinṣin á ti ṣe tiwọn. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń jí lọ. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ẹ̀dọ̀, kò sì gba èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé odindi wá. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó yí i padà, ó ní kí alápatà là á ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí òróòro wà. Aràn ẹ̀dọ̀ ló ń wá, pẹlẹbẹ bí ewé kékeré, èyí tí kò ṣàjèjì rárá nínú ẹ̀dọ̀ màlúù wa. Ó tún ń wá àpò omi funfun. Ẹ̀dọ̀ àkọ́kọ́ kò yege, ìkejì ló gbà.

"Fùkù ńkọ́, Màmá? Ajá fẹ́ràn ẹ̀ o, kò sì wọ́n."

"Fi fùkù sílẹ̀."

Ìgbà tá a kúrò níbẹ̀ ni mo tó bi í léèrè ìdí. Ó ní inú fùkù ni ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù máa ń fara pamọ́ sí jù, àwọn dókítà ẹranko sì ń bá a pàdé lára màlúù tí a ń pa nílẹ̀ wa. Ti àpò omi yẹn tún burú jù. Ọmọ aràn kan ló wà nínú rẹ̀. Bí ajá bá jẹ ẹ́ ní tútù, á di aràn nínú ìfun ajá, ẹyin rẹ̀ á máa bá ìgbẹ́ jáde, á máa lẹ̀ mọ́ irun. Ẹni tó bá fọwọ́ pa ajá lára, tí kò fọwọ́ kó tó jẹun, á gbé e mì. Nínú ọmọ ènìyàn, ó lè fi ọ̀pọ̀ ọdún wú nínú ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró kó tó fara hàn, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi yọ ọ́. Màmá sọ gbogbo èyí láìgbé ohùn sókè, ó ń yẹra fún kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ata kọjá. Ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn kì í ṣe àwàdà.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn aládìẹ, ó kọjá lára àwọn tó ń ta adìẹ oníyìnyín, kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ó ti pẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó adìẹ dídì wọlé láti òkè òkun, síbẹ̀ ó ń gba ẹnubodè Benin wọlé, kò sì sí ẹni tó lè sọ iye ìgbà tó ti yọ́ tó sì tún dì kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ sè é á sè é títí kòkòrò á fi kú. Ajá tó máa jẹ ẹ́ ní tútù kò ní irú ààbò yẹn. Ààyè adìẹ ni Màmá yàn, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀, ó dúró títí wọ́n fi pa á tí wọ́n sì tu ìyẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́ adìẹ tó bá ń tòògbé tàbí tí orí rẹ̀ wú. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tí àrùn lukulúkù ẹyẹ H5N1 ti bẹ́ sílẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2006 ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ó sì ti ń padà wá láti ìgbà náà. Ní òpin ọdún 2024, ológbò kan kú ní ìpínlẹ̀ Oregon l'Ámẹ́ríkà lẹ́yìn tó jẹ oúnjẹ ẹran tòlótòló tútù tí kòkòrò àrùn yìí wà nínú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní 2025, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn lọ́hùn-ún, ní kí àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ajá àti ológbò látinú ẹran tútù lọ tún ètò ààbò wọn yẹ̀ wò.

Adìẹ kan ṣoṣo ni wọ́n pa. Ọrùn, ìwe, ọkàn àti díẹ̀ nínú ẹran àyà rẹ̀ di ti Tanímọ̀la, ìyókù di ọbẹ̀ Màmá. Gbogbo rẹ̀ wọ inú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀, a sì forí lé ilé Màmá ní Àkóbọ̀.

Kí n tó wọ ilé ìdáná, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí èmi dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó fẹ́ràn ẹran tútù a máa tọ́ka sí Ian Billinghurst, dókítà ẹranko ará Ọsirélíà tó kọ ìwé Give Your Dog a Bone ní 1993. Ohun tó ń sọ ni pé ẹran àti eegun tútù ni ajá ti ń jẹ kí oúnjẹ inú àpò tó dé. Òótọ́ wà níbẹ̀: nǹkan bí ọdún 1860 ni James Spratt, ará Amẹ́ríkà kan, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bisikíìtì ajá ní London. Ṣùgbọ́n ajá ti kúrò ní ìkookò tipẹ́. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2013 fi hàn pé ohun tó ń mú kí ara lè da oúnjẹ bí ọkà àti iṣu pọ̀ lára ajá gan-an ju ti ìkookò lọ, torí ó ti pẹ́ tó ti ń bá ọmọ ènìyàn jẹun. Ẹni tó bá dàgbà sábúlé wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìwádìí tó sọ ọ́. Ẹ̀kọ, àmàlà àti iṣu àjẹkù ni ajá wa ń jẹ, wọ́n sì ń gbó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ajá ọdẹ ló ń rí ìfun àti ẹ̀jẹ̀ ẹran ìgbẹ́ jẹ, ajá tó ti gbó sì ni, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Nítorí náà, n ò gbà pé ajá kan ò lè yè láìjẹ ẹran tútù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pinnu bíi Màmá, ó wù mí kó ṣe é bó ṣe yẹ, torí ọmọ ajá ò lè wá ọ̀rọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni bí inú bá ń run ún tàbí bí eegun rẹ̀ bá ń rọ̀.

Pákó ìgẹran méjì ló wà lórí pẹpẹ Màmá. Ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí etí ọ̀kan. Tajá nìyẹn, kì í kan oúnjẹ èèyàn láéláé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀bẹ tó ń bá a rìn. Mo retí pé yóò fọ adìẹ náà lábẹ́ ẹ̀rọ omi, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Kò fọ̀ ọ́. "Omi tó ń ta kiri yẹn, kòkòrò ló ń pín sí gbogbo ara pẹpẹ. Wọ́n ti ṣan án lọ́jà. Ó tó." Ó fi pépà nù ún, ó ju pépà náà sínú ọ̀rá, ó di ọ̀rá náà lẹ́nu. Nígbà tó parí iṣẹ́, ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo nǹkan, ó wá po blíìṣì mọ́ omi, ó fi nu pẹpẹ, ó jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Òṣùwọ̀n kékeré kan, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, ló wà láàárín pẹpẹ. Tanímọ̀la ló kọ́kọ́ gun un, nínú abọ́ oníke: kílò 1.5. Ọmọ ajá tó ṣì kéré bẹ́ẹ̀ lè jẹ tó ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lóòjọ́, ìyẹn 120 gírámù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ló ń jẹun, nítorí náà 30 gírámù ló máa bọ́ sínú abọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo wo 30 gírámù ẹran lórí òṣùwọ̀n náà. Ó kéré débi pé ọwọ́ ẹni tí kò bá wọn ọ́n á fi ìlọ́po méjì kún un láìmọ̀. Nínú 120 yẹn, eegun gbọ́dọ̀ tó gírámù 12, ẹ̀dọ̀ 6, kíndìnrín 6, ìyókù á jẹ́ ẹran, ọkàn àti ìwe. Ẹ̀dọ̀ kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fítámì A pọ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í bá ìtọ̀ jáde bọ̀rọ̀.

Eegun ló gba àkókò jù. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ọrùn adìẹ tó jẹ́ eegun, ó sì rọ̀ ju eegun itan lọ, ìdí nìyẹn tí Màmá fi yàn án. Ó bọ́ awọ rẹ̀ kúrò torí ọ̀rá, ó gé e ní oríkèé-oríkèé, ó gbé e sórí pákó olójú pupa, ó wá fi ẹ̀yìn àáké kékeré lù ú díẹ̀díẹ̀. Kò sáré. Nígbà tó di rúnrún, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ pa á wò ní ẹyọ-ẹyọ, ó ń wá ibi tó bá ṣì mú. Ìka rẹ̀ kan ọ̀kan tó gún un, ó dá a padà sábẹ́ àáké. Eyín wàrà ṣì ni gbogbo eyín Tanímọ̀la, wọn ò nípọn ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Eegun tí wọ́n ti sè, yálà ti adìẹ tàbí ti ẹran ìgbẹ́, kò wọ abọ́ rẹ̀ rí. Bí iná bá ti kan eegun, á gan, á máa ya sọ́nà tó mú ṣóńṣó, á sì lè gún ọ̀nà ọ̀fun tàbí ìfun. Mo ń sọ èyí fún gbogbo ẹni tó ń kó àjẹkù eegun ọbẹ̀ ọjọ́ Sunday sílẹ̀ fún ajá: ibẹ̀ ni ewu ti pọ̀ jù.

Ẹni tó bá ní òun á yọ eegun kúrò pátápátá kí wàhálà lè dín kù náà ti ṣe àṣìṣe ńlá. Ẹran lásán kò lè tọ́ eegun. Nínú 100 gírámù ẹran màlúù tí kò ní eegun, kálísíọ̀mù rẹ̀ kò ju nǹkan bíi miligírámù 10 lọ, nígbà tí fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ ń lọ sí 200. Ọmọ ajá tó ń dàgbà nílò kí kálísíọ̀mù tó fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì tàbí kó jù ú lọ díẹ̀, kó má sì ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Bí ti inú oúnjẹ kò bá tó, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kálísíọ̀mù lára eegun ọmọ ajá náà fúnra rẹ̀, kí ti inú ẹ̀jẹ̀ má baà lọ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni eegun á máa rọ̀. Ẹsẹ̀ á wọ́. Kò ní fẹ́ dìde, á máa ké bí wọ́n bá gbé e, lọ́jọ́ kan á fò sílẹ̀ látorí àga, ẹsẹ̀ á sì kán. Àwọn kan á ní aládùúgbò ló fi nǹkan síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹran tó dára jù lọ́jà ni wọ́n ń fún un látàárọ̀ dalẹ́. Ìfẹ́ ló pọ̀ jù, tí ìmọ̀ ò bá a rìn, ó sì máa ń dùn mí torí pé ohun tí àá fi dènà rẹ̀ kò wọ́n rárá.

Tanímọ̀la ò fi tayọ̀tayọ̀ gba oúnjẹ tuntun yìí. Oúnjẹ gbígbẹ inú àpò ló mọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á. Màmá gbé abọ́ sílẹ̀, ọmọ ajá náà rìn wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sá sẹ́yìn, ó sì gbó abọ́ náà. Ó tún padà wá, ó fi ọwọ́ kan ẹran náà, ó lá ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ń wo Màmá. Màmá kò sọ nǹkan kan. Ó gbé abọ́ náà, ó kì í bọ inú abọ́ ńlá tí omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ wà nínú rẹ̀, kí òtútù ẹran náà lè kúrò, kí òórùn rẹ̀ sì lè jáde. Nígbà tó gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, Tanímọ̀la jẹ ìdajì, ó gbé ìdajì yòókù lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná bó bá fẹ́ jẹun.

Bàbá kan láti ojúlé kejì wà níbẹ̀, ó fún Màmá nímọ̀ràn: "Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ebi pa á títí di ọ̀la, bí ebi bá wọnú, á jẹ ẹ́." Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Fún ajá ńlá tó ti gbó, bóyá. Fún ọmọ ajá kékeré, ó lè pa á. Ṣúgà tí ara irú wọn lè tọ́jú pamọ́ kéré púpọ̀. Bí wọ́n bá fi wákàtí gígùn wà láìjẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọmọ ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á dákú, ó sì lè má jí mọ́. Màmá dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ ṣé, sà. Dókítà rẹ̀ ti ní kí n má dán an wò." Lórí fíríìjì rẹ̀, ìgò oyin kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti tíì. Bí ọmọ ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á fi díẹ̀ ra á ní èrìgì, á sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́gán.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yí oúnjẹ rẹ̀ padà kò yá, kò sì yẹ kó yá. Ẹran adìẹ nìkan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní ọ̀sán tí Màmá lè jókòó tì í. Oúnjẹ inú àpò ló ń jẹ ní ìgbà mẹ́ta yòókù. Nígbà tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúró dáadáa, ó di ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀dọ̀ ò tíì wọ̀ ọ́ rárá títí di ìgbà yẹn, torí òun ló ń yára fa ìgbẹ́ gbuuru, èyí tó sì tó èékánná ló kọ́kọ́ tọ́ wò. Ẹran màlúù tẹ̀ lé e, ẹja ṣáwà tó ti wà nínú fíríìsà tẹ̀ lé ìyẹn. Ọ̀kan-ọ̀kan ni gbogbo rẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí inú bá dà rú, èèyàn á mọ ohun tó fà á. Màmá ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó rí bí irú èyí tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sí: aago, ìwọ̀n, ìgbẹ́. Ìgbẹ́ tó gbẹ, tó funfun, tó ń fọ́ bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ ń sọ pé eegun ti pọ̀ jù, ó sì lè di àìrígbẹ́yà. Èyí tó dúdú tó sì rọ̀ ń sọ pé ẹ̀dọ̀ ti pọ̀ jù tàbí eegun ti kéré. Mo ka ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé náà. Kò sí ọjọ́ kan tó fò.

Ọsibítù ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ni dókítà rẹ̀ wà. Obìnrin ni, kò sì fi pamọ́ pé inú òun ò dùn sí ẹran tútù. Bí àwọn ẹgbẹ́ dókítà ẹranko ńláńlá lágbàáyé ṣe rí i nìyẹn. Ti Amẹ́ríkà, AVMA, ti gbé ìlànà jáde láti ọdún 2012 pé àwọn ò fara mọ́ fífún ajá àti ológbò ní ẹran tí wọn ò fi iná tàbí ọ̀nà mìíràn pa kòkòrò inú rẹ̀. Ìdí wọn ni Salmonella, Campylobacter, Listeria àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ajá lè jẹ Salmonella kó má sì ṣàìsàn rárá, kó kàn máa yà á sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. "Fíríìsà ńkọ́?" ni mo bi í. Ó ní òtútù lè pa àwọn aràn kan, ṣùgbọ́n sísùn ni bakitéríà máa ń sùn síbẹ̀. Bí ẹran bá ti yọ́, wọ́n á jí.

Ó wo ẹnu Tanímọ̀la, ó fọwọ́ tẹ egungun ìhà rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílò 1.9. Ó ka ìwé àkọsílẹ̀ Màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà ló tó sọ̀rọ̀. "Màmá, bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ń ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é, n ò bá má máa rí ọmọ ajá ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́." Ó ní kí oúnjẹ òòjọ́ gòkè sí 152 gírámù, ìyẹn 38 lẹ́ẹ̀kan. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kàn. Ó tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń sin ajá gbọ́: kò sí oúnjẹ kankan, tútù tàbí sísè, tó lè rọ́pò abẹ́rẹ́. Àrùn parvo ò bìkítà ohun tí ọmọ ajá jẹ, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ àti èébì rẹ̀ sì lè pa ọmọ ajá kékeré láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oògùn aràn náà ní láti máa lọ déédéé, kó sì jẹ́ èyí tó ń pa aràn pẹlẹbẹ pẹ̀lú, torí ẹran tútù tó ń jẹ.

Ohun tó kù tó ń da Màmá láàmú ni iná mànàmáná. Ní Manchester, fíríìsà kì í yọ́. Ní Àkóbọ̀, iná lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí di ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ epo jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ohun tí owó ìfẹ̀yìntì lè máa rà lójoojúmọ́. Bí ó ti ń ṣe é ni pé kì í ra ju èyí tí ajá máa jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ó ń pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, ó sì ń tò wọ́n yí yìnyín ká. Ife oníke kan wà láàárín wọn, omi dídì kún inú rẹ̀, owó ẹyọ kan sì wà lórí yìnyín náà. Bó bá dé láti ọ̀nà, ife yẹn ló kọ́kọ́ máa ń wò. Bí owó ẹyọ náà bá ti rì wọ inú yìnyín, ó túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ ti yọ́ kó tó tún dì, kò sì ní fún ajá ní ẹran náà ní tútù mọ́. Á sè é yọ eegun ni. Mo ti rí ọgbọ́n púpọ̀ nílé ìdáná àwọn ìyá wa, ṣùgbọ́n èyí wú mi lórí.

Ká tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, Màmá mẹ́nu ba ohun kan bí ẹni pé kò tó nǹkan: ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ láti Èkó, ó ń gbé ọmọ ọdún méjì bọ̀, wọ́n á lo oṣù kan. Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó di ọjọ́ tí wọ́n bá padà, Màmá. Láàárín ìgbà yẹn, kò gbọ́dọ̀ sí ẹran tútù nínú abọ́ yẹn. Ọmọ ọdún méjì á fẹnu ko ajá lẹ́nu, á sì mú nǹkan nílẹ̀ jẹ."

Màmá kò jiyàn. Ó bèèrè ohun tí òun á fi dípò eegun, torí eegun sísè ò sí lọ́nà. Èèpo ẹyin, ni dókítà sọ: kó sè é, kó sá a gbẹ, kó lọ̀ ọ́ títí á fi kúnná, torí gírámù kan rẹ̀ ní kálísíọ̀mù tó tó miligírámù 380. Ó kọ ìwọ̀n tó bá ẹran tí Tanímọ̀la máa jẹ lóòjọ́ mu sínú ìwé. Ó tún ní kó dá oúnjẹ inú àpò padà fún ìdajì rẹ̀, nítorí ẹran sísè àti èèpo ẹyin nìkan kò ní zinc àti iodine tó tó fún ọmọ ajá tó ń dàgbà. Bí a ṣe ń jáde ni Màmá pe ẹni tó ń ta mọ́ínmọ́ín àti ẹyin sísè lórígun òpópónà rẹ̀, ó ní kó má da èèpo ẹyin nù mọ́.